Ibi tí Ó Yẹ kí Ọfà Ti Bá Àgbọ̀nrín

Bí ìbọn ti pọ̀ tó ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ níbẹ̀ ṣì ń fi ọrun àti ọfà lépa àgbọ̀nrín onírù funfun. Ní ọdún 1934 ni ìpínlẹ̀ Wisconsin kọ́kọ́ ya àkókò kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́fà, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ a máa fi oró sí ẹnu ọfà, oró náà a sì máa ràn wọ́n lọ́wọ́ bí ọfà kò tilẹ̀ bá ibi tí ó dára. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kọ oró. Irin tí ó mú bí abẹ nìkan ni ọdẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọta ìbọn a máa fọ́ egungun, agbára rẹ̀ a sì máa da ẹran wó. Ọfà kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Gígé ni ó ń gé, ẹ̀jẹ̀ tí ó sì dà ni í pa ẹran. Nítorí náà ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, pẹ̀lú ọkàn tí ó wà láàrin wọn, ni ọdẹ ń wá. Ẹni tí ó bá ti kun ewúrẹ́ rí mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀dọ̀fóró kún inú àyà lẹ́yìn èjìká. Ọkàn wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ̀dọ̀ tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ikùn àti ìfun. Bẹ́ẹ̀ ni inú àgbọ̀nrín rí pẹ̀lú.

Bí ẹran bá fi ihà kọjú sí ọdẹ, kí ó fi ojú tọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú gòkè, títí yóò fi dé ìwọ̀n ìdámẹ́ta gíga ara láti ìsàlẹ̀ àyà. Níbẹ̀ ni kí ó ta á sí. Ó tilẹ̀ sàn jù bí ẹran bá kọ ẹ̀yìn sí i díẹ̀: nígbà náà ni kí ó ta ọfà sí ẹ̀yìn ihà, kí ẹnu rẹ̀ lè forí lé èjìká òdìkejì. Ẹran tí ó kọjú sí ọdẹ gan-an, tàbí tí ó kọ ìdí sí i, kí ó fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí ebi pa ará ilé rẹ̀ tó. Egungun àyà yóò dá ọfà dúró, tàbí kí ọfà wọ ìfun, kí ẹran náà sì lọ jẹ̀rora nínú igbó títí di ọjọ́ kejì. Orí àti ọrùn pẹ̀lú kì í ṣe ibi tí à ń ta ọfà sí.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa ba de ẹran lórí igi. Bí ẹran bá sún mọ́ ìdí igi jù, ọfà lè gba ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo, ẹran bẹ́ẹ̀ a sì lè sá jìnnà réré. Bí ó bá sì jìnnà jù, yóò gbọ́ ìró ọsán ọrun, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó fò, ọfà a sì gba òkè kọjá. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í fẹ́ ta ju 20 tàbí 30 yáàdì lọ.

Lẹ́yìn títa, sùúrù ni ó kù, ohun tí ó sì ṣòro fún ọ̀dọ́mọdé ọdẹ nìyí. Kí ó sàmì sí ibi tí ẹran dúró sí, kí ó wá ọfà, kí ó sì wo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ́ pupa, tí ó ń hó bí ọṣẹ, ti ẹ̀dọ̀fóró ni. Ìdajì wákàtí tó láti dúró. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣú dúdú, ti ẹ̀dọ̀ ni. Kí ó dúró tó wákàtí mẹ́rin. Bí ọfà bá ń rùn, tí oje ewéko wà lára rẹ̀, ìfun tàbí ikùn ni ó bá. Kí ó dúró ní wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá. Ẹran tí a bá lé kíákíá yóò dìde níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí, ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì parẹ́. Ní ìgbà ooru, irú ìdúró pípẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ba ẹran jẹ́. Nígbà tí a bá sì rí i, kí a gé gbogbo ibi tí ohun inú ìfun ti kàn sọnù kí a tó gbé ìyókù lọ sílé.