Ogun Dàhòmì Nínú Kíláàsì Ìtàn

Ní Bassila àti Manigri, ní ẹkùn Dóńgà lápá àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iléèwé ní ìtàn ogun. Ọmọ Manigri tó ń sọ Nàgó, ẹ̀ka èdè Yorùbá, nílé àti ọmọ Bassila tó ń sọ Aníì, orúkọ Béhanzin, ọba Dàhòmì, ni wọ́n jọ ń kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí akọni tó kojú Faransé. Akọni ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti fo apá tó kan Nàgó jù.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851 ni Ghezo, ọba Dàhòmì ṣáájú Béhanzin, kó ogun ja Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá, ọmọ Yorùbá bíi Nàgó. Ìjà yìí dára púpọ̀ láti fi kọ́mọ, torí agbára nìkan kọ́ ló yanjú rẹ̀. Àwọn ará Ìṣàgà, tí wọ́n ṣe bí ẹni tó ti túúbá fún Ghezo, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó gba ẹnubodè Arò wọlé lójú ọ̀sán. Ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá ti dúró dè é. Àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhòmì, tí òkìkí wọn kàn dé òkèèrè, ṣubú bẹẹrẹ níbi odi. Ní 1862, Glèlè ọmọ Ghezo run Ìṣàgà láti gbẹ̀san. Ní 1864 ó padà sí Abẹ́òkúta, wọ́n tún lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá to ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra, tó sì fi ìka tọ ọ̀nà láti Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, lórí àwòrán ilẹ̀, yóò lóye ju ẹni tó kàn há déètì sórí lọ.

Kétu, ìlú Nàgó, kò rí bẹ́ẹ̀ bọ́. Glèlè dó tì í, ebi pa á, ó sì fọ́ ní 1886. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n kó ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Fún wọn, ìṣubú Àgbómẹ̀ kì í ṣe ọ̀fọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1892, ogun Béhanzin ya bo àgọ́ Faransé ní Dogba létí odò Wẹ̀mẹ̀. Ọ̀gágun Dodds, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, ló ṣáájú Faransé, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ohun tí àwọn ọmọ kì í retí. Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ló wọ Àgbómẹ̀, lẹ́yìn tí Béhanzin ti tiná bọ ààfin. Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní 1894. Algiers ló kú sí ní 1906.

Lápá àríwá, Bio Guéra kojú Faransé ní Borgu títí ó fi kú ní 1916. Ìtàn rẹ̀ náà yẹ kó wọ kíláàsì Bassila.

Olùkọ́ tí àkókò kò bá tó fún, kó mú méjì péré, Kétu 1886 àti Dogba 1892, kó sì kọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà.