Oṣù kan ṣoṣo ló mú ààwẹ̀ méjèèjì wọlé

Ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2026, ni àwọn Kátólíìkì, Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì gba eérú síwájú orí láti bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Saudi Arabia bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Tọ́kì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́jọ́ kejì. Nínú ilé Yorùbá tí bàbá ń kírun tí ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n láàárín wa, ọ̀sẹ̀ yẹn ni ààwẹ̀ gba yàrá méjèèjì.

Ìròyìn náà ti tàn kálẹ̀, n kò ní tún un sọ. Àlàyé tí àwọn èèyàn ń ṣe nípa rẹ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn kan ní àmì ni, pé Ọlọ́run fẹ́ bá ẹlẹ́sìn méjèèjì sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, bí ìgbà tí àlejò méjì tí kò mọ ara wọn bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ kan náà ni àlejò méjèèjì wọ̀ wá, ọkọ̀ náà sì ń jẹ́ oṣù.

Èdè wa ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún wa tipẹ́. Oṣù la ń pe ọgbọ̀n ọjọ́. Oṣù náà la ń pe ohun tó ń yọ lójú ọ̀run lálẹ́. Bí àgbàlagbà bá ní oṣù ti lé, ojú ọ̀run ló wò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà ara ògiri. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17 oṣù Kejì, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán ní Nàìjíríà, òṣùpá kọjá láàárín ayé àti oòrùn. Ó tiẹ̀ bo àárín oòrùn mọ́ àwọn tó wà ní Antarctica lójú. Ọjọ́ yẹn náà ni àwọn ará Ṣáínà ṣe ọdún tuntun wọn, ọdún Ẹṣin. Ọdún tuntun Ṣáínà, Ọjọ́rú Eérú, Ràmàdáánì: gbogbo wọn wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé oṣù kan náà ni wọ́n ń dúró dè.

Ti Ràmàdáánì yé tọmọdé tàgbà: oṣù lé, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti Lẹ́ńtì ló fara pamọ́, ọ̀pọ̀ Kristẹni tó sì ti ń gba eérú láti kékeré kò mọ̀ pé òṣùpá ló ń dárí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kà á sẹ́yìn. Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́, láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta lọ, ni ọdún Àjíǹde. Ọjọ́rú Eérú sì ṣáájú Àjíǹde pẹ̀lú ọjọ́ 46: ogójì ọjọ́ ààwẹ̀, àti Ọjọ́ Àìkú mẹ́fà tí a kì í kà mọ́ ọn. Ó dáa. Láti òṣùpá àrànmọ́jú, bí a bá padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ọjọ́ 15, a ó bá oṣù tuntun. Bí a bá tún padà sẹ́yìn ní ọjọ́ 29 àti ààbọ̀, a ó bá oṣù tuntun tó ṣáájú ìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 44 àti díẹ̀. Àjíǹde fúnra rẹ̀ máa ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú. Nítorí náà, níbikíbi tí ọjọ́ 46 náà bá bọ́ sí, ẹ̀gbẹ́ oṣù tuntun ni yóò jẹ́: bóyá ó ku ọjọ́ kan kó lé, bóyá ó ti lé fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní 2026, òṣùpá ràn mọ́jú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 5. Ẹ ka ọjọ́ 46 sẹ́yìn, ẹ ó dé ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọjọ́ kejì oṣù tuntun.

Ní ọdọọdún ni èyí ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ní 2026 nìkan. Ẹni tó bá rí eérú níwájú orí aládùúgbò rẹ̀, kó wo apá ìwọ̀ oòrùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mélòó kan sí i, yóò rí oṣù tín-ín-rín níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí, nítorí pé mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé kàlẹ́ńdà ìjọ ti kẹ́yìn sí ojú ọ̀run pátápátá.

Kí ló wá dé tí Lẹ́ńtì àti Ràmàdáánì kì í pàdé lọ́dọọdún? Oṣù méjìlá tí òṣùpá ń kà jẹ́ ọjọ́ 354. Ọdún oòrùn jẹ́ 365. Ọjọ́ 11 ló ń ṣẹ́kù lọ́dọọdún, ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan sì ṣe sí ọjọ́ 11 yìí ló sọ kàlẹ́ńdà rẹ̀ di tirẹ̀. Àwọn Júù ń fi oṣù kan kún ọdún nígbà méje láàárín ọdún 19, nítorí pé oṣù 235 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọdún oòrùn 19 dọ́gba. Meton ará Áténì kéde ìṣirò yìí ní nǹkan bí 432 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará Bábílónì náà sì lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni Ìrékọjá ṣe ń dúró sí ìgbà ìrúwé. Ìsìláàmù kọ fífi oṣù kún ọdún. Súrà kẹsàn-án nínú Àlùkùráánì sọ̀rọ̀ líle sí sísún oṣù síwájú sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni Ràmàdáánì sì ti ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 padà sẹ́yìn lọ́dọọdún, tó ń la ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò kọjá, tí yóò fi yí ọdún ká láàárín nǹkan bí ọdún 33. Ní 1993, Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù Kejì; Ràmàdáánì ti fi ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú rẹ̀ wọlé. Láti 1993 sí 2026, ọdún 33 gééré.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, yíyí yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ni wá lára. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan gùn ju èyí tó kúrú jù lọ. Àmọ́ ọmọ wa tó ń gbé London mọ ohun tí mò ń sọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, oòrùn ibẹ̀ ju wákàtí 16 lọ kó tó wọ̀, ẹni tó ń gbààwẹ̀ sì ti pa ẹnu dé tipẹ́ kí oòrùn tó yọ.

Àwọn Kristẹni kò gba ọ̀nà àwọn Júù tán, wọn kò sì gba ti àwọn Mùsùlùmí. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀ gùn, ìjà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àsìkò Ìrékọjá ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, nítorí náà àwọn ìjọ kan ní Éṣíà Kékeré ń ṣe ìrántí náà ní ọjọ́ 14 oṣù Nísàn àwọn Júù, ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀. Róòmù ní Ọjọ́ Àìkú nìkan ni. Ní nǹkan bí ọdún 155, Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Símínà, rìn dé Róòmù láti bá Anicetus, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, sọ ọ́. Ẹnì kankan nínú wọn kò yí èkejì lọ́kàn padà, síbẹ̀ wọ́n túká ní àlàáfíà. Nígbà tó di nǹkan bí 190, Victor ti Róòmù fẹ́ yọ àwọn ará Éṣíà kúrò nínú ìjọ nítorí ọjọ́ lásán. Irenaeus ti Lyon ló bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Mo fẹ́ràn Polycarp àti Anicetus gan-an nínú ìtàn yìí.

Nígbà náà ni ìpàdé Nicaea dé ní 325, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Iznik ní Tọ́kì lónìí, níbi tí Póòpù Leo XIV lọ ní oṣù Kọkànlá 2025 fún ìrántí ọdún 1,700. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé Nicaea ló ṣòfin Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú. Kò sí i nínú òfin ogún tí ìpàdé náà fi sílẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe Àjíǹde lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n má sì dúró de ìṣirò àwọn Júù mọ́. Àwọn onímọ̀ Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀, wọ́n fi ọdún 19 ti Meton ṣe tábìlì. Ní 525, ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tó ń jẹ́ Dionysius gbé tábìlì wọn dé Róòmù.

Láti ìgbà náà ni òṣùpá ìjọ ti di òṣùpá inú ìwé. Ọdún 2019 fi èyí hàn kedere. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún yẹn ni ọ̀sán àti òru dọ́gba. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 21, òṣùpá ràn. Bí a bá fi ojú wò ó, Ọjọ́ Àìkú 24 oṣù Kẹta ni ì bá jẹ́ Àjíǹde. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ni ìjọ ṣe é, nítorí pé nínú tábìlì, òṣùpá ti ràn lọ́jọ́ kan ṣáájú, kò sì wọ òfin. Ní 1582, Póòpù Gregory XIII tún kàlẹ́ńdà ṣe, ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá fò sí ọjọ́ 15. Ọ̀pọ̀ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò bá a lọ lórí Àjíǹde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ní 2026, tí Àjíǹde wọn sì jẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin.

Mo ṣe àlàyé ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ yìí nítorí àríyànjiyàn tó ń lọ láàárín àwọn Mùsùlùmí báyìí: ṣé ojú ni ká fi wá oṣù ni, tàbí kálàmù? Àṣẹ Ànábì ni pé kí a rí i kí a tó gbààwẹ̀. Bí ìkúukùu bá bò ó, kí a pé ọgbọ̀n ọjọ́. Tọ́kì ti gba ìṣirò, ìyẹn ló fi mọ ọjọ́ 19 tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ 18 ni Saudi Arabia bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí oòrùn wọ̀ ní Mẹ́kà lọ́jọ́ 17, oṣù tuntun kò tíì pé wákàtí mẹ́rin, ojú lásán kì í sì rí oṣù tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà ṣòro, kì í ṣe tèmi láti dáhùn fún àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn. Ohun tí mo lè fi kún un ni pé ìjọ Kristi ti gba ọ̀nà kálàmù láti nǹkan bí ọdún 1,500 sẹ́yìn, Àjíǹde méjì ló sì ṣì ń ṣe. Wọ́n kúrò lórí ìjà ojú, wọ́n bọ́ sórí ìjà tábìlì.

Ìbéèrè kan kù tí àwọn èèyàn máa ń sọ sókè nígbà tí ààwẹ̀ méjèèjì bá pàdé: ta ló kọ́ ọ lọ́wọ́ ta? Àlùkùráánì fúnra rẹ̀ sọ pé a ti pa ààwẹ̀ láṣẹ fún àwọn tó ṣáájú. Ní Mẹ̀dínà, ààwẹ̀ Àṣúrà, tí àwọn Júù náà ń gbà, ló ṣáájú Ràmàdáánì, kí ti Ràmàdáánì tó di dandan ní ọdún kejì Hijira. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ dábàá pé ara Lẹ́ńtì àwọn Kristẹni Síríà ni Ràmàdáánì ti yọ. Ẹ̀rí wọn fẹ́lẹ́ lójú mi. Ọ̀kan ń rántí sísọ̀kalẹ̀ Àlùkùráánì, èkejì ń múra de ikú àti àjíǹde Jésù, ogójì ọjọ́ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí aginjù. Ní Ràmàdáánì, omi pàápàá kì í kan ẹnu láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìṣínu. Ọjọ́ méjì péré ni ìjọ Kátólíìkì sọ ààwẹ̀ jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan di dandan, Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere, fún ẹni ọdún 18 sí 59. Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì fi ẹran, wàrà àti ẹyin sílẹ̀. Ti Ethiópíà jẹ́ ọjọ́ 55. Ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì wa kò sì bá Lẹ́ńtì ṣe rárá, oṣù Kìíní ni wọ́n ń gba tiwọn. Ìjọra oṣù kò tó láti sọ pé ẹnì kan jí ti ẹnì kejì.

Ibi tí mo ti lè fọwọ́ sọ̀yà pé yíyá wà ni ẹnu wa. Àdúrà, wàásù, àlùfáà: èdè Lárúbáwá ni àdúrà àti wàásù ti wá, àlùfáà sì ti jẹ́ orúkọ olùkọ́ Mùsùlùmí láàárín wa kí òyìnbó ajíhìnrere tó dé Badagry ní 1842. Nígbà tí Àjàyí Crowther ń túmọ̀ Bíbélì, àwọn ọ̀rọ̀ tó bá lẹ́nu àwọn èèyàn rẹ̀ ló mú lò. Ọmọ ìjọ tó ń gbàdúrà ní Lẹ́ńtì ń fi ọ̀rọ̀ tí Mùsùlùmí kọ́kọ́ sọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí i.

Ààwẹ̀ méjèèjì yóò tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ní 2027: Ràmàdáánì ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù Kejì, Ọjọ́rú Eérú ní ọjọ́ 10. Ní 2028, ọ̀nà wọn yà: Ràmàdáánì yóò wọlé ní ìparí oṣù Kìíní, Lẹ́ńtì yóò di ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, oṣù tuntun kan lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2030, Ràmàdáánì yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní àti nǹkan bí ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Kérésìmesì kì í wo òṣùpá, ọjọ́ 25 ni lọ́dọọdún. Ìyẹn ni yóò ṣe kòńgẹ́ ní tòótọ́.