Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Third Mainland, ẹ wá gbọ́ ohun tó ń jẹ ẹsẹ̀ bíríìjì yín lábẹ́ omi o!

Gbì-gbì! Gbì-gbì! Kò sẹ́ni tó wọ dánfó láti Ọ̀wọ́ròńṣókì lọ sí Adéníjì tí kò mọ ìró yẹn. Táyà ló ń fò kọjá ibi tí wọ́n ti fi irin so abala bíríìjì kan mọ́ èkejì. Ọ̀pọ̀ èrò rò pé bíríìjì ti fẹ́ já nìyẹn. Irọ́ ni o! Ńṣe ni wọ́n dìídì fi àlàfo síbẹ̀, torí bí oòrùn bá mú, bíríìjì á nà, bí ilẹ̀ bá tutù, á tún súnkì. Tí kò bá ráyè nà, á fọ́ ni. Irin ojú àlàfo yẹn ló máa ń gbó, torí ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ti apá kan bíríìjì náà pa láti ọjọ́ 24 oṣù keje, ọdún 2020, di oṣù kejì, ọdún 2021, tí gbogbo Èkó ń ké nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Ohun tó yẹ kó já wa láyà kò sí lókè rárá. Abẹ́ omi ló wà.

Bíríìjì Carter lòyìnbó kọ́kọ́ ṣe láti Erékùṣù Èkó sí Ìddó ní 1901, bíríìjì Èkó tẹ̀lé e, kí wọ́n tó ri òpó ìkẹta yìí mọ́nú ọ̀sà. Ọdún 1990 ni Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí i. Kìlómítà 11.8 ni gígùn ẹ̀, kò sì sí èyí tó gùn tó o nílẹ̀ Áfíríkà títí táwọn ará Íjíbítì fi parí tiwọn ní Cairo lọ́dún 1996. Àwa ará Èkó ṣe fáàrí nígbà náà, ẹ ò sì lè bá wa wí!

Àmọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà kì í ṣe àpáta. Yanrìn àti amọ̀ tó fún mọ́ òpó ló gbé e dúró, yanrìn yìí gan-an sì làwọn kan ń wà tà fáwọn tó ń kọ́lé. Ẹni tó bá ti wo apá Mákòkó dáadáa á ti rí ọkọ̀ ojú omi tó ru yanrìn débi pé omi fẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò sítòsí òpó, omi tó ń ṣàn lọ, ṣàn bọ̀, á gbá yanrìn ìdí òpó lọ dí kòtò yẹn, ìdí òpó á wá wà níhòòhò. Iyọ̀ tí òkun ń gbé wọ ọ̀sà náà kò jókòó lásán. Kọnkéré tó bá ti sán ló ń wọ̀, irin inú ẹ̀ á dípẹtà, á wú, á sì tún la kọnkéré náà sí i.

Lójú títì, ẹ ò lè rí ìyẹn. Nínú oṣù kẹjọ, ọdún 2018, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ti bíríìjì náà pa láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2024, lẹ́yìn tí wọ́n tún ojú títì ẹ̀ ṣe tán, táwọn awakọ̀ ń sáré lórí ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, mínísítà iṣẹ́ òde, David Umahi, ṣì ń pariwo àwọn tó ń wa yanrìn lábẹ́ ẹ̀ láìgbàṣẹ.

Àwọn LASTMA ń ṣọ́ onídánfó lókè. Àwọn wo ló ń ṣọ́ ìsàlẹ̀?