Ìlu Ilẹ̀ àti Gbígbin Kókó Òdòdó: Àlàyé lórí Yíyàn àti Lílò Rẹ̀

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ náà "ìlu" kì í ṣe àjèjì sí èdè Yorùbá. Irin iṣẹ́ tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dá pákó lu ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi àmì ohùn sí i dáadáa yóò sọ ọ́ di ìlú tàbí ìlù, èyí sì wà lára ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń sá kúrò nínú ìwé. Bí irú irin iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá kúrò lára igi tí ó bọ́ sínú ilẹ̀, ìlu náà ni yóò ṣì máa jẹ́. Nítorí náà, "ìlu ilẹ̀" nínú iṣẹ́ yìí dúró fún ọ̀pá irin tí irin pẹlẹbẹ lọ́ mọ́ lára bí ejò ti í lọ́ mọ́ igi, tí ẹ̀rọ oníná ń yí kí ó lè hú iyẹ̀pẹ̀ jáde. "Kókó òdòdó" sì ni irúgbìn abẹ́lẹ̀ tí ó rí bí àlùbọ́sà, tí òdòdó bíi túlípì, dáfódìlì àti háyásíǹtì ti ń hù.

Àgbẹ̀ Yorùbá tí ó fẹ́ gbin iṣu kì í gbẹ́ kòtò jíjìn. Ebè ni ó ń kọ, ìyẹn ni pé ó ń gbé ilẹ̀ wá bá iṣu. Ọ̀nà tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Nẹ́dálándì àti ní àríwá Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá ọdún, nígbà tí ewé ń wọ́ tí ilẹ̀ sì ń tutù, ni wọ́n ń ri kókó òdòdó mọ́lẹ̀. Òtútù ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbọ́dọ̀ mú túlípì kí igi òdòdó rẹ̀ tó lè nà jáde dáadáa. Ẹni tí ó ní 20 kókó lè fi ṣọ́bìrì kékeré ṣe é tán kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Ẹni tí ó ní 300 ni ọ̀rọ̀ kàn, nítorí orí ìkúnlẹ̀ ni yóò wà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlu ilẹ̀ wúlò fún.

Yíyan ìlu

Ìwọ̀n kókó ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ bí ìlu yóò ti fẹ̀ tó. Láti ìgbà tí Carolus Clusius ti gbin túlípì sí ọgbà Yunifásítì Leiden ní 1593, tí ó sì tanná ní 1594, ni òwò yìí ti ń gbilẹ̀ ní Nẹ́dálándì, ìwọ̀n tiwọn ni ọjà sì ń lò. Kì í ṣe ìbú kókó ni wọ́n ń kọ sára àpò bí kò ṣe àyíká rẹ̀. Túlípì tí wọ́n kọ 12 sí jẹ́ èyí tí okùn sẹ̀ǹtímítà 12 yí po. Bí ènìyàn bá pín in, ìbú rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà 4. Ìlu onísẹ̀ǹtímítà 5 gba irú èyí, ṣùgbọ́n kò gbà á tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Dáfódìlì sábà máa ń ní ṣóńṣó méjì tàbí mẹ́ta lórí ìdí kan ṣoṣo, ó sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tí kò fẹ́ ra ju ìlu kan lọ, èyí tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7.5, ìyẹn íǹṣì 3, ni ó sàn jù.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti orúnkún. Èyí tí ó kúrú yóò mú kí olùlò tẹ̀ba; èyí tí ó gùn tó íǹṣì 24 yóò jẹ́ kí ó dúró ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ìdí ọ̀pá tí ń wọ ẹnu ẹ̀rọ ní igun mẹ́fà, nítorí ọ̀pá róbótó a máa yọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ bí ilẹ̀ bá le.

Ẹ̀rọ tí yóò yí i ṣe pàtàkì ju ìlu fúnra rẹ̀ lọ, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó ṣòfò. Ẹ̀rọ dírììlì kékeré tí ń fi ìdè sí pákó kò lè ṣe é. Yóò gbóná, yóò sì jóná. Èyí tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ fólítì 18, tàbí èyí tí ń lo wáyà, tí ó sì ní ọwọ́ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni kí ènìyàn wá. Agbára ni ilẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe eré. Bí nọ́ńbà 1 àti 2 bá wà lórí ẹ̀rọ, orí 1 ni kí ó wà.

Lílo ìlu

Ìlọ́po mẹ́ta gíga kókó ni jíjìn ihò. Kókó túlípì tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 ń fẹ́ ihò sẹ̀ǹtímítà 15. Ti kírókọ́ọ̀sì kò ju 8 sí 10 lọ. Téèpù aláwọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ìlu níbi tí jíjìn náà dé yóò gba olùlò lọ́wọ́ ìfojúdíwọ̀n. Kí ó máa fa ìlu sókè díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń yí, kí iyẹ̀pẹ̀ lè tú jáde. Bí ó bá jẹ́ orí koríko ni, àpò tí a gé ihò sí láàárín, tí a tẹ́ sílẹ̀, yóò gba iyẹ̀pẹ̀ náà.

Ohun méjì kan wà tí ìwé ìlànà inú páálí kì í sábà mẹ́nu bà. Èkíní ni pé ẹnu ìlu rí ṣóńṣó, nítorí náà ìsàlẹ̀ ihò náà yóò rí ṣóńṣó. Kókó tí a sọ sínú rẹ̀ yóò há sí àárín, àyè òfìfo yóò wà lábẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò kò sì ní rí ilẹ̀ dì mú. Ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ tí ó tú ni kí ó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kí kókó tó jókòó lé e, ṣóńṣó rẹ̀ lókè. Èkejì ni ti ilẹ̀ amọ̀. Bí amọ̀ bá tutù, ìlu yóò dán ara ihò bí ìgbà tí amọ̀kòkò bá fi ọwọ́ ra ìkòkò. Omi kò ní lè jò gbà ibẹ̀, yóò dúró, kókó yóò sì rà kí ìgbà òtútù tó parí. Ó yẹ kí olùlò fi ọ̀bẹ ha ara ihò náà, tàbí kí ó dúró títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ díẹ̀.

Ewu inú rẹ̀

Bí ìlu bá kọ lu òkúta tàbí gbòǹgbò igi, kò ní yí mọ́. Ẹ̀rọ ni yóò yí, yóò sì yí ọrùn ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú. Ìdí nìyí tí ọwọ́ kejì ara ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kí olùlò fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kí ó má fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kí ó sì yí ẹ̀rọ padà sẹ́yìn láti yọ ìlu tí ó bá há. Agbádá, ìborùn àti ìbọ̀wọ́ tí ó tú kò yẹ nítòsí ohun tí ń yí. Wáyà iná, páìpù omi àti ti gáàsì tún ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ àgbàlá. Ní Amẹ́ríkà, láti 2007 ni nọ́ńbà 811 ti wà tí ènìyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó tó gbẹ́ ilẹ̀.

Kókó náà fúnra rẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Dáfódìlì jọ àlùbọ́sà, májèlé sì ni. Ní 2015, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti kìlọ̀ fún àwọn ilé ìtajà ńlá pé kí wọ́n má ṣe pàtẹ dáfódìlì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀fọ́. Nínú ilé tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ ata lójoojúmọ́, yálà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí níbòmíràn, kò yẹ kí àpò kókó òdòdó dé ilé ìdáná rárá.

Ìlu nínú kíláàsì

Túlípì kò lè rí òtútù tí ó ń fẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Oǹdó, ṣùgbọ́n ìlu ilẹ̀ kò ṣàì sí níbẹ̀. Èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, tí igi ìdìmú rẹ̀ dábùú lórí, ni àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ fi ń bu ilẹ̀ fún àyẹ̀wò, ní sẹ̀ǹtímítà 0 sí 15, lẹ́yìn náà 15 sí 30. Jíjìn àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ihò túlípì. Olùkọ́ tí ó bá fi irin kan náà dá ilẹ̀ amọ̀ tútù lu lójú akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì da omi sí i, yóò fi dídán ara ihò hàn wọ́n láìsí pé ó ra kókó òdòdó kankan.