Àmì Ìsopọ̀ nínú Àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Iṣẹ́ Olùtumọ̀ Sáyẹ́ǹsì

1. Ìfáárà

Nínú gbogbo àmì tí a ń lò nínú àkọsílẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àmì ìsopọ̀, ìyẹn igi kékeré tí a ń fà sáàárín ọ̀rọ̀, wà lára èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fojú tín-ín-rín. Àwọn kan kà á sí ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọn mìíràn ń fi í síbi tí ó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń túmọ̀ ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀ṣọ́ lọ. “Two hundred-milligram tablets” ni hóró oògùn méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 mìlígíráàmù. “Two-hundred-milligram tablets” ni hóró oògùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 mìlígíráàmù, a kò sì sọ iye hóró náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú àpólà méjèèjì. Igi kan ṣoṣo ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Olùtumọ̀ tí kò bá kíyè sí i lè sọ òṣùwọ̀n oògùn di ìlọ́po.

2. Ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fi nílò àmì yìí

Nínú àpólà-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yán ní í sábà ṣíwájú orí àpólà. Nígbà tí ẹ̀yán bá ju ẹyọ kan lọ, òǹkàwé kò lè tètè mọ èyí tí ó bá èkejì rẹ̀ rìn. Àmì ìsopọ̀ ni ó ń fi yé e pé àwọn ọ̀rọ̀ kan ti fara kọ́ra. “Small-animal hospital” kò lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ: ilé ìwòsàn tí a ti ń tọ́jú àwọn ẹranko kéékèèké. Bí a bá yọ àmì náà kúrò, àpólà náà di èyí tí ó pọ́nna, nítorí pé ó tún lè jẹ́ ilé ìwòsàn kékeré kan tí a ti ń tọ́jú ẹranko.

Ètò ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Orí àpólà ni ó ń ṣíwájú, ẹ̀yán a sì máa tẹ̀ lé e. “Ilé ìwòsàn fún àwọn ẹranko kéékèèké” yàtọ̀ gedegbe sí “ilé ìwòsàn kékeré fún àwọn ẹranko.” Iṣẹ́ tí igi ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, ipò tí ọ̀rọ̀ wà ni ó ń ṣe é nínú Yorùbá.

3. Àwọn ibi tí a ń lò ó

(i) Ẹ̀yán alákànpọ̀ tí ó ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: a ń kọ “a well-known drug”, ṣùgbọ́n “the drug is well known” kò gba àmì, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan lẹ́yìn ẹ̀yán náà. Bákan náà, “a newly discovered star” kò gba àmì. “-Ly” tí ó parí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń bá lọ.

(ii) Òṣùwọ̀n: “a ten-year-old boy” ni ó tọ̀nà. “A ten-years-old boy” jẹ́ àṣìṣe, nítorí pé “year” ti di apá kan ẹ̀yán, kì í sì í gba “-s” tí ń tọ́ka ọ̀pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iye oní-nọ́ńbà àti àmì òṣùwọ̀n ni a kọ, gẹ́gẹ́ bí “a 5 mg dose”, àlàfo ni ìlànà òṣùwọ̀n àgbáyé fi sáàárín wọn, kì í ṣe igi.

(iii) Iye: láti orí “twenty-one” títí dé “ninety-nine”, yàtọ̀ sí àwọn iye tí ó parí sí òdo bí “thirty”, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdá, bí “two-thirds”, nígbà tí ó bá jẹ́ ẹ̀yán.

(iv) Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀pọ̀ àfòmọ́ a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tààrà, bí “antibody.” Ṣùgbọ́n a nílò àmì níwájú lẹ́tà ńlá tàbí nọ́ńbà, bí “non-African” àti “pre-1914”, àti níbi tí ìtumọ̀ bá lè dàrú. “Recover” ni kí ara aláìsàn yá. “Re-cover” ni kí a tún nǹkan bò. Nínú ìmọ̀ ẹja sísìn, “un-ionized ammonia” ni amóníà tí kò di áyọ́ọ̀nù nínú omi, òun ni ó sì léwu fún ẹja jù. Láìsí igi, ọ̀rọ̀ náà di èyí tí a fi ń ṣe àpèjúwe àwọn tí ó ti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

4. Àmì tí kì í dúró lójú kan

Bí ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ bá ti ń pẹ́ lẹ́nu àwọn elédè ni igi inú rẹ̀ sábà máa ń parẹ́. “To-day” àti “to-morrow” ni a ń kọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìwé atúmọ̀-èdè Shorter Oxford English Dictionary jáde ní ẹ̀kẹfà ní 2007, nǹkan bí 16,000 ọ̀rọ̀ ni ó pàdánù àmì yìí: “test-tube” pín sí méjì, “bumble-bee” sì lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ní 2011, ìwé ìlànà Associated Press ti Amẹ́ríkà sọ “e-mail” di “email.” Nítorí náà, kò tọ́ kí olùkọ́ gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bí ó bá ti kọ́kọ́ dárúkọ ìwé atúmọ̀-èdè tí kíláàsì yóò máa tẹ̀ lé.

5. Ìkádìí

Àwọn àgbà ní, “Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.” Kì í ṣe igi inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni olùtumọ̀ yóò gbé wọ inú èdè Yorùbá, ohun tí igi náà so pọ̀ ni yóò gbé wá. Yorùbá ní ibi tí òun náà ń lo àmì yìí, gẹ́gẹ́ bí “ọ̀rọ̀-orúkọ” àti “ọ̀rọ̀-ìṣe” ti fi hàn, ṣùgbọ́n ìlànà tirẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. Kí olùtumọ̀ tó wá ọ̀rọ̀ fún èdè-ìperí kankan, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: kí ni ó bá kí ni rìn? Bí ó bá ti rí ìdáhùn, kí ó fi orí àpólà síwájú, kí ó sì to ẹ̀yán tẹ̀ lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ yóò mọ́ kedere, ẹni tí ń ka ìwé oògùn kò sì ní lo ìlọ́po ohun tí dókítà kọ fún un.