Ìyá Nílé, Ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìyá kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ rẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà wo ni owó wọn ń gbà lọ?

Ní ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ṣe ìṣirò ìnáwó ilé. Nínú 100 náírà tí àwọn ènìyàn ná, ó lé ní 56 tí ó bá oúnjẹ lọ, tilé tòde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí 11 nínú 100 pọ́n-ùn ni ti oúnjẹ ilé. Bí a bá fi oúnjẹ òde kún un, kò tó 25.

Kì í ṣe pé a ya wọ̀bìà. Ní ọdún 1857, ará Jámánì kan, Ernst Engel, ṣàlàyé rẹ̀: bí owó ilé bá ṣe kéré tó ni ìpín oúnjẹ nínú rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ikùn kì í gbọ́ àwáwí. Nígbà tí gàárì bá gbówó lórí, owó ilé ìwé àti owó oògùn ni ó ń dín kù.

Ṣé ọmọ Lọ́ńdọ̀nù wá ń kó owó jọ ni? Rárá o. Owó ilé, owó orí, owó ọkọ̀ àti iná tí ń lé òtútù ń dúró dè é lóṣooṣù. Ìyá rẹ̀ lè máa gbé ilé bàbá lọ́fẹ̀ẹ́. Òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó bínú pé owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ kéré, ẹ bi í pé: “Èló ni owó ilé rẹ?”

Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ máa kọ ìnáwó ọjọ́ ọjà sílẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí owó yín ń gbà lọ.