Òkùnkùn Ìgbà Òtútù ní Ìlú Ọba

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní ilẹ̀ wa, ètè a máa là, ara a máa gbẹ, àwọn ọmọdé a sì máa wárìrì ní ìdí iná ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n kí aago 10 tó lù, oòrùn ti dé, ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ti di ẹ̀rín. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rò pé ẹni tí ó bá ti ra kóòtù tí ó nípọn ti ṣẹ́gun òtútù Ìlú Ọba. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òtútù náà le nítòótọ́. Yìnyín tí ó bọ́ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1962 kò kúrò nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ títí oṣù March 1963 fi wọlé, àní òkun pàápàá dì ní etí Herne Bay. Ìjì tí wọ́n pè ní Arwen, ní November 26, 2021, wó igi pa ènìyàn 3, ó sì pa iná ilé tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n ìjì a máa kọjá, àwọn aládùúgbò a sì máa bá ara wọn kẹ́dùn. Òkùnkùn ni kì í tètè kọjá, kò sì ní ariwo.

Ní Èkó, ní ọjọ́ tí ó kúrú jùlọ nínú ọdún, ojúmọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 12. Ní London kò pé 8. Ní Lerwick, ní ìhà àríwá Scotland, kò pé 6. Ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn yóò jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì padà lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tí ó bá pẹ́, ara rẹ̀ yóò máa wúwo, oorun kò ní tó o, ohun dídùn àti búrẹ́dì ni ọkàn rẹ̀ yóò máa fà sí, ọ̀rọ̀ ènìyàn yóò sì sú u.

Dókítà Norman Rosenthal, ọmọ Johannesburg, ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1976, ó sì kíyèsí i pé agbára òun ń dínkù nígbà òtútù. Ní ọdún 1984 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé tí ó fún àìsàn yìí ní orúkọ. A máa ń wí pé àjèjì lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ti èyí yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tí ó wọ ojú ni ó ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí kò bá tó, ètò ara a dàrú. Nítorínáà ni àwọn dókítà fi ń lo fìtílà kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ìwọ̀n lux 10,000, tí aláìsàn yóò jókòó sí iwájú rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí ní àràárọ̀. Ẹni tí ojú ń dùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà. Rírìn ní ìta lọ́sàn-án dára pẹ̀lú, nítorí ìmọ́lẹ̀ ìta, bí ìkúukùu tilẹ̀ ṣú, ju ti inú ilé lọ fíìfíì. Bí ìbànújẹ́ náà bá sì dé ibi tí ènìyàn ń ro ikú, kí ó tọ dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìhà tiwa nílé ni ó dùn wá jù. Bí ọmọ kò bá pè láti oṣù November, bàbá a ní owó ti gùn ún, ìyá a ní ayé ti gba ọmọ lọ́wọ́ òun, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ líle ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn tẹ́lẹ̀. A kò wí pé kò sí ọmọ tí í gbàgbé ilé, wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá pè wọ́n ní oṣù January, kí ẹ tó mẹ́nu ba owó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n bá ti rí oòrùn ní ọ̀sẹ̀ náà. Láti December 22 lọ ni ojúmọmọ ibẹ̀ ti ń gùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oṣù March bá fi máa parí, ti London yóò ti gùn ju ti Èkó lọ.